Bí ìfun ọmọ ẹran ṣe ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́

Ewúrẹ́ méjì bímọ ní agbo ilé kan ní ọjọ́ kan náà. Ọmọ ti àkọ́kọ́ dàgbà, ó ń fò kiri. Ọmọ ti èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ gbuuru ní ọjọ́ kẹrin. Ní ọjọ́ kẹfà, ó kú. Ilé kan náà ni. Omi kan náà ni. Koríko kan náà ni àwọn ìyá wọn ń jẹ. Kí ló dé tí ọ̀kan fi yè, tí èkejì sì kú?

Ìbéèrè yìí kan gbogbo wa ní Manigri, ní Bassila, ní Alédjo àti ní Pénéssoulou. Ní agbègbè wa, ilé tí kò ní ewúrẹ́, àgùtàn, adìẹ tàbí awó kò pọ̀. Ẹran ni àpótí owó wa. Nígbà tí owó kajú bá ti tán, tí iṣu tuntun kò sì tíì jáde, ẹran ni a ń tà. Òun ni a fi ń san owó ilé ìwé. Òun ni a fi ń ra oògùn. Òun ni a fi ń sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ ẹran tí ó kú lónìí, owó ọdún tí ń bọ̀ ni ó bá a lọ.

Ikú ọmọ ẹran ní ìdí púpọ̀. Òtútù lè pa á. Ebi lè pa á. Aràn àti àrùn tí ń ràn lè pa á. Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí a kì í sábà ronú kàn. Inú ìfun ọmọ ẹran náà ni ó wà. Ní ọjọ́ tí a bí i, ìfun rẹ̀ kò tíì mọ iṣẹ́ kan tí ó ṣe pàtàkì: iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ó ní láti kọ́ ọ. Àwọn àgbà sọ pé kékeré ni ìmàle ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lóṣòó. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìfun rí. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ṣe ń kọ́ iṣẹ́, ẹni tí ń kọ́ ọ, àti ohun tí àwa lè ṣe kí ẹ̀kọ́ náà má bà jẹ́.

Àwọn kòkòrò tí ojú wa kò rí

Àwọn kòkòrò kan kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn. Àfi kí a lo ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá lójú ẹni. A ń pè wọ́n ní kòkòrò àìfojúrí. Wọ́n wà nínú ilẹ̀, nínú omi, lára koríko, ní ọwọ́ wa àti ní ẹnu wa.

Ní ilé ìwosàn, a ti gbọ́ pé kòkòrò àìfojúrí ń fa àrùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ń fa àrùn. Ẹ wo ọjà Bassila. Àwọn tí ń tà wà níbẹ̀. Àwọn tí ń rà wà níbẹ̀. Olè náà lè wà níbẹ̀. A kò lè torí olè kan lé gbogbo ènìyàn kúrò lọ́jà.

Ẹ̀yin ìyá mọ kòkòrò rere, bí ẹ kò tilẹ̀ tíì rí wọn rí. Kòkòrò rere ni ó ń mú kí ògì kan. Kòkòrò rere ni ó ń sọ èso igi irúgbá di irú tí a fi ń se ọbẹ̀. Kòkòrò rere ni ó ń mú kí wàrà àwọn Fúlàní kan láì bàjẹ́.

Inú ẹran náà kún fún wọn. Màlúù, àgùtàn àti ewúrẹ́ kò lè dá koríko dà fúnra wọn. Kòkòrò àìfojúrí tí ń gbé inú àpò ikùn wọn ni ó ń bá wọn fọ́ koríko náà sí wẹ́wẹ́. Bí kò bá sí kòkòrò wọ̀nyí, ewúrẹ́ lè jẹ koríko yó kí ebi sì tún pa á kú.

Ìfun dà bí ẹnubodè ìlú

Oúnjẹ máa ń gba ẹnu wọlé, á dé ikùn, á sì kọjá sínú ìfun. Ògiri ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri náà. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ gba inú ògiri kọjá sínú ẹ̀jẹ̀, kí ara lè ní agbára. Ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn kò gbọdọ̀ kọjá.

Nítorí náà, ìfun dà bí ẹnubodè ìlú. Ẹnubodè tí a tì pa, ìlú náà yóò kú fún ebi. Ẹnubodè tí a ṣí sílẹ̀ láìsí ẹ̀ṣọ́, olè yóò wọlé. Ara fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnubodè yìí. Kò sí ibòmíràn nínú ara tí ẹ̀ṣọ́ pọ̀ tó ti inú ìfun.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ń kóra jọ. Nígbà tí a bá pa ọ̀dọ́ àgùtàn, ẹ wo ìparí ìfun kékeré, ní ìtòsí ibi tí ó ti pàdé ìfun ńlá. Ògiri rẹ̀ nípọn ju ti ibi yòókù lọ. Ibùdó àwọn ẹ̀ṣọ́ ni. Lára ọ̀dọ́ àgùtàn, ibùdó yìí lè gùn ju mítà kan lọ. Bí àgùtàn bá ti dàgbà tán, á súnkì. Ọ̀mọ̀wé kan ní Switzerland, Johann Conrad Peyer, ṣe àlàyé irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1677, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà.

Kí ló dé tí ibùdó yìí fi tóbi lára ọmọ ẹran tí ó sì kéré lára àgbà? Nítorí pé ìgbà èwe ni ìgbà ẹ̀kọ́. Ẹ̀ṣọ́ ní láti dá ohun mẹ́ta mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn. Oúnjẹ ni èkíní: kí ó jẹ́ kí ó kọjá. Kòkòrò rere tí ó jẹ́ ará ilé ni èkejì: kí ó jẹ́ kí ó jókòó sí àyè rẹ̀. Kòkòrò àrùn ni ẹ̀kẹta: kí ó bá a jà. Ẹ̀ṣọ́ tí kò dá wọn mọ̀ lè jẹ́ kí olè wọlé. Ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í lu ará ilé. Nígbà náà, ìfun yóò wú, ẹran yóò ya ìgbẹ́ gbuuru, yóò sì rù.

Wàrà àkọ́kọ́: ohun ìjà tí ìyá yá ọmọ rẹ̀

Ọmọ ènìyàn máa ń gba ohun ìjà díẹ̀ láti ara ìyá rẹ̀ kí a tó bí i. Ọmọ ewúrẹ́, ọmọ àgùtàn àti ọmọ màlúù kì í rí i gbà. Bí ilé ọmọ ìyá wọn ṣe rí kò jẹ́ kí ohun ìjà náà kọjá sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ọwọ́ òfo ni wọ́n fi ń wá sáyé.

Nítorí náà ni ìyá fi ń pèsè wàrà àkọ́kọ́. Wàrà yìí nípọn, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀. Àwọn kan rò pé wàrà tí ó ti bàjẹ́ ni. Wọ́n a fún un dànù kí ọmọ ẹran tó mu. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Wàrà tí ó dára jù lọ ni. Gbogbo àrùn tí ìyá ti bá pàdé rí ní ilé yẹn, tí ó sì borí, ohun ìjà wọn wà nínú wàrà náà.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀: ó ní àkókò. Ní wákàtí àkọ́kọ́, ògiri ìfun ọmọ ẹran ṣí sílẹ̀. Ohun ìjà láti inú wàrà lè gba inú rẹ̀ kọjá tààrà sínú ẹ̀jẹ̀. Bí wákàtí ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ògiri náà ń tì. Nígbà tí yóò bá fi pé wákàtí 24, ó ti tì. Láti ìgbà náà, ohun ìjà tí ó wà nínú wàrà lè ṣiṣẹ́ nínú ìfun nìkan. Kò lè dé inú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ọmọ ẹran tí a bí ní ìrọ̀lẹ́, tí kò mu ọmú títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ti pàdánù ohun tí owó kò lè rà.

Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọmọ ewúrẹ́ méjì tí a sọ̀rọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Ọ̀kan dìde, ó sì mu ọmú láàrin wákàtí kan. Èkejì kò lágbára láti dìde, kò sì sí ẹni tí ó ràn án lọ́wọ́.

Kòkòrò rere ni olùkọ́

Ohun ìjà tí ìyá yá ọmọ kì í pẹ́ lọ títí. Láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ń dínkù, ó sì ń tán. Kí ó tó tán, ẹ̀ṣọ́ ti ọmọ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ iṣẹ́. Ta ni yóò kọ́ wọn? Kòkòrò rere ni.

Nígbà tí ọmọ ẹran ń jáde láti inú ìyá rẹ̀, kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sí i lára. Ìyá lá a pẹ̀lú ahọ́n. Ọmọ fi ẹnu kan orí ọmú. Ó fi imú kan ilẹ̀ àti koríko. Kó tó di ọjọ́ kejì, ìfun rẹ̀ ti di ilé fún ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni ó ń gba àyè. Bí àwọn rere bá kọ́kọ́ dé, wọn yóò jókòó, wọn yóò jẹ oúnjẹ tí ó wà níbẹ̀, wọn yóò sì mú kí ìfun kan díẹ̀ bí ògì. Kòkòrò àrùn tí ó bá dé lẹ́yìn wọn kò ní rí àyè.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé kòkòrò rere ń kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́? Àwọn onímọ̀ tọ́ ọmọ ẹran láìsí kòkòrò kankan rárá. Ní ọdún 1895, ní ìlú Berlin ní Jámánì, George Nuttall àti Hans Thierfelder fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ ẹran kékeré kan tí ó jọ ẹmọ́ jáde láti inú ìyá rẹ̀. Wọ́n fi í sínú àpótí tí kòkòrò kò lè wọ̀. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ́. Oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn wọn, àwọn mìíràn tọ́ eku, adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ báyìí.

A lè rò pé irú ẹran bẹ́ẹ̀ yóò le ju gbogbo ẹran lọ, nítorí pé kòkòrò kankan kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ògiri ìfun wọn tẹ́ẹ́rẹ́. Ibùdó ẹ̀ṣọ́ wọn kéré. Ohun ìjà inú ìfun wọn kò tó nǹkan. Bí a bá mú wọn jáde síta, àrùn kékeré lè pa wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fún wọn ní kòkòrò láti inú ẹran tí ara rẹ̀ le, láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ wo ti ehoro náà. Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe àlàyé pé ẹ̀ṣọ́ inú ìfun ọmọ ehoro kì í kọ́ṣẹ́ dáadáa bí kòkòrò kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n wá fún un ní oríṣi kòkòrò méjì pa pọ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ náà pọ̀ sí i, wọ́n sì kọ́ṣẹ́. Ọ̀kan nínú kòkòrò méjì náà ni a ń pè ní Bacillus subtilis. Irú kòkòrò yìí kan náà ni ó pọ̀ jù nínú irú tí àwọn ìyá wa ń ṣe! Èyí kò ní pé kí a máa fi irú ṣe oògùn fún ehoro. Ó kàn fi hàn wá pé kòkòrò tí a ń bá gbé lójoojúmọ́ lè jẹ́ olùkọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ́ wọn? Àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wà lára ògiri ìfun, ní ibi tí ibùdó ẹ̀ṣọ́ wà. Ilẹ̀kùn wọ̀nyí ń mú kòkòrò díẹ̀díẹ̀ wọlé. Ẹ̀ṣọ́ á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì mọ ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, á ṣe ohun ìjà tí ó bá a mu. Á da ohun ìjà náà sínú omi yíyọ̀ tí ó bo ògiri ìfun. Bí kòkòrò bá ti pọ̀ ní oríṣi tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà ń gbòòrò tó.

Àpò kékeré kan lára adìẹ

Adìẹ ní ibùdó ẹ̀kọ́ kan tí ewúrẹ́ kò ní. Bí ẹ bá pa ọ̀dọ́ adìẹ, ẹ wo òkè ihò ìdí rẹ̀, ní ìhà ẹ̀yìn. Ẹ ó rí àpò kékeré kan. Ọmọ Ìtálì kan, Fabricius, ni ó kọ́kọ́ ṣe àlàyé rẹ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1621. Fún ohun tí ó ju ọdún 300 lọ, kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí àpò náà ń ṣe.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́ onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Bruce Glick gé àpò náà kúrò lára àwọn adìẹ kékeré láti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn adìẹ náà dàgbà. Ó dà bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe wọ́n. Lẹ́yìn náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Timothy Chang, fẹ́ fi adìẹ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí ara ṣe ń ṣe ohun ìjà. Ó yá lára adìẹ Glick. Ó gún wọn ní abẹ́rẹ́ tí yóò mú kí ara wọn ṣe ohun ìjà. Àwọn adìẹ tí a ti gé àpò wọn kò ṣe ohun ìjà kankan. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ̀ pé àpò náà ni ilé ìwé àwọn ẹ̀ṣọ́ adìẹ. Wọ́n tẹ ìròyìn náà jáde ní ọdún 1956.

Nígbà tí òròmọdìẹ bá ti jáde láti inú ẹyin, kòkòrò inú ilẹ̀ àti inú oúnjẹ ń dé inú àpò náà. Wọ́n ń ru àwọn ẹ̀ṣọ́ sókè kí wọ́n lè pọ̀ sí i. Àpò náà ń tóbi ní oṣù àkọ́kọ́ àti èkejì. Nígbà tí adìẹ bá dàgbà, á súnkì, nítorí pé ẹ̀kọ́ ti parí.

Àrùn kan wà tí ń ba àpò yìí jẹ́. Gumboro ni orúkọ rẹ̀, nítorí pé ibi kan tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Adìẹ kékeré tí Gumboro bá mú, tí kò sì kú, yóò máa ṣàìsàn léraléra. Abẹ́rẹ́ àjẹsára mìíràn lè má ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ mọ́. Ilé ìwé ti wó, ta ni yóò kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́? Àwọn tí ń sin adìẹ púpọ̀ gbọ́dọ̀ bi dókítà ẹran léèrè nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára Gumboro.

Òròmọdìẹ tí kò mọ ìyá rẹ̀

Ní ọdún 1971, àrùn kan tí kòkòrò Salmonella ń fà tàn káàkiri láàrin adìẹ ní ilẹ̀ Finland. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń pa àwọn òròmọdìẹ náà. Wọn kò fojú kan ìyá rí. Ilé wọn mọ́ tónítóní. Síbẹ̀, kòkòrò àrùn díẹ̀ tí ó bá wọlé, á gba gbogbo ìfun wọn, nítorí pé ìfun náà ṣófo.

Onímọ̀ kan níbẹ̀, Esko Nurmi, pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀ Rantala, mú ohun tí ó wà nínú ìfun àgbà adìẹ tí ara rẹ̀ le. Wọ́n fún àwọn òròmọdìẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún wọn ní kòkòrò àrùn. Ọ̀pọ̀ nínú òròmọdìẹ náà kò gba àrùn náà. Àwọn rere ti gba àyè. Wọ́n sọ èyí fún gbogbo ayé ní ọdún 1973.

Ẹ má gbọ́ èyí ní àgbọ́yé! A kò sọ pé kí ẹ máa fún òròmọdìẹ ní ìgbẹ́ adìẹ. Ìgbẹ́ adìẹ tí a kò mọ̀ lè ní aràn àti àrùn nínú. Ohun tí à ń sọ ni pé òròmọdìẹ tí ń tẹ̀lé ìyá tí ara rẹ̀ le ń rí kòkòrò rere gbà láì sí wàhálà. Bí ó ti ń ṣa oúnjẹ lẹ́yìn ìyá, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gba ẹ̀kọ́.

Ọ̀rọ̀ awó náà wà níbẹ̀. Ìgbà òjò ni awó ń yé. A mọ̀ pé awó kì í sábà tọ́jú ọmọ rẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà wa fi ń gbé ẹyin awó sábẹ́ adìẹ kí ó sàba lé e. Ọgbọ́n ńlá ni. Adìẹ náà ń fún ọmọ awó ní ooru, ó sì ń fún un ní kòkòrò rere. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tútù àti òjò ń pa ọmọ awó kíákíá. Ẹ tọ́jú wọn sí ibi gbígbẹ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Oògùn tí ń lé olùkọ́ kúrò

Oríṣi oògùn kan wà tí ń pa kòkòrò inú ara. Àwọn dókítà ń pè é ní àǹtíbíótíìkì. Oògùn rere ni nígbà tí dókítà bá ní kí a lò ó. Ó ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn àti ẹran là.

Ṣùgbọ́n ohun tí à ń rí lọ́jà yàtọ̀. Ẹnì kan á ra kápúsù lórí àtẹ. Á tú u sínú omi adìẹ, bí adìẹ kò tilẹ̀ ṣàìsàn. Ó ní kí àrùn má bà a wá ni. Kí ni oògùn náà ń ṣe? Kò mọ olè yàtọ̀ sí olùkọ́. Ó ń pa àwọn méjèèjì. Ìfun á ṣófo. Nígbà tí oògùn bá tán, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni yóò gba àyè. Ó lè jẹ́ kòkòrò àrùn.

Ewu kejì tún wà. Kòkòrò àrùn tí oògùn díẹ̀ kò pa ń le sí i. Lọ́jọ́ tí àìsàn gidi bá dé, oògùn yẹn kò ní ràn án mọ́. Irú kòkòrò líle bẹ́ẹ̀ lè kọjá láti ara adìẹ sí ara ọmọ wa. Nítorí ewu yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú ẹgbẹ́ ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má fi àǹtíbíótíìkì sínú oúnjẹ ẹran láti mú kí ó tètè tóbi.

Ewu kẹta ni pé oògùn náà ń wà nínú ẹyin, nínú wàrà àti nínú ẹran fún ọjọ́ mélòó kan. Bí dókítà ẹran bá fún ẹran yín ní oògùn, ẹ bi í ní iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ dúró kí ẹ tó jẹ ẹ́ tàbí kí ẹ tó tà á.

Ohun tí a lè ṣe

1. Ẹ tọ́jú ìyá kí ó tó bímọ. Ìyá tí ó rù kò ní wàrà àkọ́kọ́ tí ó tó. Ẹ fún un ní èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ, ewé ẹ̀wà àti omi mímọ́.

2. Ẹ jẹ́ kí ó bímọ ní ilé tí yóò máa bá a lọ láti gbé. Ohun ìjà inú wàrà rẹ̀ bá àrùn ilé yẹn mu. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sílẹ̀ fún un.

3. Ẹ jẹ́ kí ìyá lá ọmọ rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé ọmọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ fi Betadine sí ìwọ́ ọmọ náà, nítorí pé kòkòrò àrùn lè gba ibẹ̀ wọlé.

4. Ẹ rí i pé ọmọ mu ọmú láàrin wákàtí kan tàbí méjì. Bí kò bá lè dìde, ẹ gbé e súnmọ́ orí ọmú. Bí kò bá lè fà á, ẹ fún wàrà náà sínú ife mímọ́, kí ẹ sì fi igo tí ó ní orí ọmú fún un díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ewúrẹ́ tí ó wọn kílò kan ààbọ̀ gbọ́dọ̀ mu tó sàǹtílítà 15, ó kéré tán, ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìyẹn jẹ́ ìdajì igo Fanta kékeré tí ó gba sàǹtílítà 30. Ẹ má fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pín in sí ọ̀nà púpọ̀.

5. Bí ìyá bá kú, ẹ wá ewúrẹ́ mìíràn tí ó bímọ ní ọjọ́ kan náà. Ẹ fún wàrà àkọ́kọ́ rẹ̀ fún ọmọ òrukàn náà.

6. Ẹ jẹ́ kí ilé ẹran gbẹ kí ó sì mọ́. Kòkòrò rere kò bẹ̀rù ìgbálẹ̀. Ìgbẹ́ tí ó kún ilé, tí ito sì rin ín, ni ó ń jẹ́ kí kòkòrò àrùn pọ̀ ju agbára ọmọ ẹran lọ.

7. Ẹ má ṣe já ọmọ ẹran lẹ́nu ọmú lójijì. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jẹ́ kí ó máa tọ́ koríko wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ikùn àti ìfun ní láti mọ oúnjẹ tuntun díẹ̀díẹ̀.

8. Ẹ má fún ẹran tí ara rẹ̀ le ní àǹtíbíótíìkì. Bí ó bá ṣàìsàn, ẹ pe dókítà ẹran.

9. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún wọn. Àrùn kan wà tí ń pa adìẹ run nígbà ọyẹ́, tí àwọn dókítà ń pè ní Newcastle. Kòkòrò rere nìkan kò lè dá a dúró. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó ń fi ojú olè náà han ẹ̀ṣọ́ kí olè tó dé.

Ọmọ ènìyàn ńkọ́?

Ohun tí a sọ nípa ọmọ ẹran kan ọmọ wa náà. Omi ọmú àkọ́kọ́ tí ó pọ́n kì í ṣe ìdọ̀tí. Ó kún fún ohun ìjà. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ má jẹ́ kí a fún un dànù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a fi ọmọ sí ọmú láàrin wákàtí kan tí a bí i. Ó tún ní kí a fún un ní ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà. Kí a má fún un ní omi tàbí àgbo.

Ní ọdún 1899, ní Paris, dókítà ọmọdé kan tí ń jẹ́ Henry Tissier rí kòkòrò rere kan tí ó pọ̀ nínú ìgbẹ́ àwọn ọmọ tí ń mu ọmú ìyá. Lẹ́yìn ìgbà náà, àwọn onímọ̀ rí i pé ṣúgà kan wà nínú omi ọmú tí ọmọ fúnra rẹ̀ kò lè dà nínú. Ta ni ṣúgà náà wà fún? Kòkòrò rere ni. Ìyá ń bọ́ ọmọ, ó sì ń bọ́ àwọn olùkọ́ ọmọ pẹ̀lú.

Ìyá tí ó ní àìsàn kan tí ń bà á lẹ́rù nípa ọmú, kí ó lọ bá agbẹ̀bí ní ilé ìwosàn kó béèrè ohun tí ó yẹ kó ṣe.

Ohun tí a rí kọ́

Ọmọ ẹran kò wá sáyé pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ tí ó mọ iṣẹ́. Ìyá ń yá a ní ohun ìjà nínú wàrà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré ni ilẹ̀kùn fi ń ṣí. Lẹ́yìn náà, kòkòrò rere ń kọ́ ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ wa ni kí a jẹ́ kí wàrà tètè dé ẹnu ọmọ, kí a jẹ́ kí ọmọ wà lọ́dọ̀ ìyá, kí ilé gbẹ, kí a má sì fi oògùn lé olùkọ́ kúrò.

Ẹ jẹ́ kí a jọ sọ ọ́

1. Ní ilé yín, ta ni ó ń wà níbẹ̀ nígbà tí ewúrẹ́ ń bímọ? Ǹjẹ́ ó mọ ọ̀rọ̀ wákàtí àkọ́kọ́?
2. Kí ni àwọn ènìyàn ń sọ ní abúlé yín nípa wàrà tí ó pọ́n?
3. Mélòó nínú ọmọ ewúrẹ́ àti ọmọ awó tí a bí ní ilé yín lọ́dún tó kọjá ni ó yè? Ẹ kọ iye wọn sílẹ̀. Ẹ kọ ti ọdún yìí náà, kí ẹ sì fi wé e.
4. Nígbà mìíràn tí ẹ bá pa ọ̀dọ́ adìẹ, ẹ wá àpò kékeré náà. Ẹ fi han àwọn ọmọ yín, kí ẹ sì sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún wọn.